Awò Dúdú Yín Níwájú Lésà

Bàámi àtàtà,

Mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ o, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: awò dúdú yín, èyí tí ẹ kì í bọ́ lójú, ìbáà ṣe ní ṣáláńgá, ti di irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Olùkọ́ mi àtijọ́ ní yunifásítì ló gbé lésà, ẹ̀rọ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín, wá sí ilé ìwé wa, kó lè fi ìmọ́lẹ̀ tó ń yí bí òkòtó han àwọn òbí. Àwọn ni yóò pinnu bóyá yàrá sáyẹ́ǹsì ni a ó kọ́ tàbí géètì tuntun. Ó ní lókè òkun, wọ́n ti ń fi lésà tó ń yára ṣẹ́jú na afẹ́fẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú kò lè rí ń jáde. Wọ́n ń wá bí wọn ó ṣe mú ìmọ́lẹ̀ yẹn náà yí bí òkòtó. Àṣé ó ti gbàgbé dígí tí yóò fi dán tiwa wò sílé! Irú dígí awò yín sì ni. Mo wọ mọ́tò lọ bá Màámi ní Ọ̀yọ́ láti yá a.

Màámi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè yá ẹnikẹ́ni ní ojú ọkọ àwọn. Àfi bí mo ṣe rí wọn nílé ìwé lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n fi gèlè wé awò náà.

“Èmi fúnra mi ni màá dì í mú.”

Wọ́n yí awò náà níwájú lésà. Iná lésà tó tàn sára ògiri kú. Wọ́n tún un yí, ó padà.

“Mo pa á, mo tún jí i!”

Olùkọ́ wá fi ike pẹlẹbẹ kan sáàárín lésà àti awò. Màámi yí awò títí, wọ́n làágùn, iná ò kú.

“Ha! Ó ti gbọ́n!”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

“Òótọ́ ni, Màmá,” ni Olùkọ́ wí. “Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà kan ni ìmọ́lẹ̀ náà ń mì sí, ẹ lè dí i. Ní báyìí tí ike yìí ti mú un máa pòòyì, bó ti wù kí ẹ yí awò, díẹ̀ á kọjá.”

Alága àwọn òbí, Àlàájì kan tó ń tajà ní Ọjà Igbó, tó ti ń jà fún géètì nítorí ewúrẹ́ tó ń wọ ọgbà, dìde.

“Ẹ kọ́ yàrá náà. Kí ewúrẹ́ ṣì máa wọlé ná.”

Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀rín Màámi lọ́run lọ́hùn-ún? Látìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀.

Wọn ò dá awò yín padà sínú àpótí mọ́. Wọ́n ń fi sójú lọ sí Ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n bi mí bóyá ó yẹ àwọn bó ṣe yẹ yín. Ẹ foríjì mí, Bàámi: ó yẹ wọ́n jù yín lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.