Kí Ìtùnú Tó Lọ sí Kàlàbá

Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi àtàtà,

Ìjàn-Èkìtì ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí ọ, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ díẹ̀. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú aláìsàn, mo kí ọ kú ìdúró. Ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró ní ọsibítù láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ní wú. Ẹni tí o bá fún lábẹ́rẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà jẹ́ fún un. Màríà Ìyá Olúwa á máa bá ọ ṣọ́ ilé rẹ ní Òkè-Ìlá ní Adó. Bí o bá wà ní àlàáfíà, àwa náà wà ní àlàáfíà, àyàfi ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgbẹ̀ tí kò bá dùn ún, ẹ̀yìn ọ̀lẹ ni.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Mo rò ó dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá gbéra ní Ìjàn tó ń gba ojú ọ̀run lọ sí Adó, gbogbo ilé tó bá gba orí rẹ̀ kọjá ni yóò gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wa kì í sì ṣe ti àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì. Ìwé dára jù, kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ Ìtùnúolúwa ọmọ rẹ ni. Nígbà tí o mú un wá fún ìsinmi, o ní yunifásítì ní Kàlàbá ti gbà á, o ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkùnrin àmọ́ kò mọ aṣọ fọ̀, kò mọ iná dá, kò mọ nǹkan kan sè àyàfi omi gbígbóná tó ń dà sí índómì. O wá ní kí n kọ́ ọmọ náà ní gbogbo ohun tí a fi kọ́ ìwọ nílé, pé bí ìsinmi bá parí tí kò bá lè dá tọ́jú ara rẹ̀, kò ní lọ sí Kàlàbá mọ́, Adó níbẹ̀ ni yóò ti kàwé lábẹ́ ojú rẹ, èmi ni n ó sì sọ bóyá ó lè lọ. Ọmọ náà wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Mo gbà. Àmọ́ o gbàgbé nǹkan kan, Abọ́sẹ̀dé. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ. Tèmi ni pé mo jókòó, ẹ gbé oúnjẹ wá, mo ní ó dùn. Ìyá rẹ sì nìyí tó ti lọ wẹ ọmọ fún Ọlátúndé ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ọmọ tó lọ wẹ̀ náà ti ń rákò báyìí, ó kù díẹ̀ kó máa wẹ ara rẹ̀, ìyá rẹ kò tíì padà. Nítorí náà nígbà tí o já Ìtùnú sílẹ̀ tí o yára padà sí Adó, èmi àti òun dúró ní àgbàlá, à ń wo ara wa, ẹni méjì tí kò mọ ọbẹ̀ sè.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ fífọ̀. Ó bi mí pé níbo ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Mo wò ó, mo ní òun náà ni. Mo gbé ọpọ́n fún un, mo gbé ọṣẹ fún un, ó sì fọ aṣọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì pupa tirẹ̀ àti bùbá funfun tí mo fi ń gba Ara Olúwa. Ọmọ mi, mo ti gba Ara Olúwa nínú aṣọ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Fádà sì wò mí lókè wò mí nílẹ̀ kí wọ́n tó fún mi.

Mo rán an lọ ra ata lọ́jà. Obìnrin aláta dá iye tó wù ú lé e, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí ẹni tó ń rà lè ní nǹkan tó máa bú. Ọmọ rẹ ní ó dáa mà, ó yọ owó. Kò ná an rárá. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó pa àtẹ rẹ̀ tì, ó tẹ̀lé e wá sílé láti bi mí bóyá ara ọmọ náà dá. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é, Adó ló ti wá. Ó mi orí, ó fi ata díẹ̀ kún un, ó ní Ọlọ́run á tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tó kan ọbẹ̀, Ìtùnú ní kí n má dààmú, pé ẹnì kan wà nínú fóònù òun tí yóò kọ́ wa. Lóòótọ́, obìnrin kan yọjú, ọmọ dáadáa, ó wé gèlè, ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ ju yàrá mi lọ. Mo kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́. Kò dáhùn. Mo rò pé ariwo epo ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó ń rẹ́ àlùbọ́sà, àwa náà ń rẹ́ tiwa. Nígbà tó yá, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń wo òun tẹ agogo. Mo bi Ìtùnú pé agogo wo, nítorí agogo kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ti ìjọ, a kò sì lè máa lu agogo ìjọ nítorí ẹ̀fọ́. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ọbẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mo ní kó yára yí ojú fóònù sí ìkòkò kí obìnrin náà lè rí i, kó gbà wá nímọ̀ràn. Ó yí i. Obìnrin náà kò bojú wo ìkòkò, ẹ̀rín ló ń rín, ó ní ẹ wò ó bó ṣe dùn tó. Lẹ́yìn náà fóònù kú, òun náà sì bá a lọ. Ó dùn mí pé a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bá mi wádìí ọmọ ẹni tó jẹ́, ó jọ ará Ìkẹ́rẹ́, kí n fi iṣu díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó sì mọ̀ pé ọbẹ̀ tó ní ó dùn yẹn, a kò rí i jẹ.

Bí o bá wá fẹ́ mọ ohun tí à ń jẹ, iṣu sísun ni. Ìyá Ṣèyítán aládùúgbò wa ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí ìyá rẹ lọ pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́, kí n pe òun. Mo ní mo dúpẹ́, kò sí ohun tí mo fẹ́. Ọkùnrin Èkìtì ni mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ iṣu sísun láàárọ̀, tí mo tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, tí òórùn ọbẹ̀ obìnrin náà ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi, n kò yà síbẹ̀. Ìtùnú bi mí pé kí ló dé tí a kò lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní ọmọ ọkùnrin kì í tọrọ jẹ. Ó bu iṣu rẹ̀ jẹ.

Má rò pé mo kàn jókòó lásán o. Mo kọ́ Ìtùnú bí a ṣe ń kọ ebè. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí àyà kan ilẹ̀, nítorí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó ń fi ìka kan ilẹ̀ lásán, ó jọ ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì kọ́ ọ ní iyán. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá lè gún iyán tí kò ní kókó, kò síbi tí kò lè gbé láyé yìí, ìbáà ṣe Kàlàbá.

Ìsinmi wá ń lọ sópin, mo sì rántí pé èsì ni o ń retí lẹ́nu mi, ni mo bá pinnu láti dán an wò. Mo pe Fádà ìjọ wa kí wọ́n wá jẹ iyán lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi, pé ọmọ náà nìkan ni yóò sè é tí yóò sì gún un, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ìdí tí mo fi yan Fádà ni pé bí wọ́n bá parọ́ nítorí ojú mi pé iyán náà dára, wọn yóò ní láti wá Fádà mìíràn tí yóò gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn. Mo sọ fún Ìtùnú pé ohun tí Fádà bá sọ ni n ó kọ sí ọ. Ọmọ náà kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ lọ sí Kàlàbá yìí, Abọ́sẹ̀dé. Ó fẹ́ ẹ gidigidi.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Iṣu titun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko mi, mo sì fẹ́ kí Fádà rí i pé tèmi ló kọ́kọ́ jáde ní àdúgbò, nítorí náà iṣu titun ni mo gbé fún ọmọ náà. Ká ní ìyá rẹ wà ńlé ni, ì bá ti bú mi, nítorí kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ pé sísun àti sísè ni ti iṣu titun, bí o bá gbé e sínú odó, omi ni yóò máa ṣe. Ọmọ náà gún un, gún un, òógùn bò ó, iyán kò fà, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Fádà sì ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ti fọ ọwọ́.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ń sọ̀rọ̀ òjò, inú mi bàjẹ́. Mo rí Ìtùnú tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo rò pé ó lọ sunkún ni. Kò sunkún. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣèyítán ló lọ. Obìnrin náà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà òun, ó ní ẹ kú ulé o, ní èdè Èkìtì bíi tiwa gan-an, ó kí òun kú ọjọ́ Ìsinmi, kú iṣẹ́, kú ọmọ, kó tó wá sọ pé iyán òun bàjẹ́, àlejò wà nílẹ̀, òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ gba òun. Ìyá Ṣèyítán ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí kí ẹnì kan jáde láti ilé yẹn wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun. Iṣu èṣí tó ti gbẹ ló fi gún iyán tirẹ̀. Ó bu èyí tó pọ̀ fún un, ó bu ẹ̀fọ́ sí i, ó tún fi ẹran ìgbẹ́ lé e.

Èmi ì bá gbé e síwájú Fádà kí n sì panu mọ́. Ọmọ rẹ kò panu mọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó ní Fádà, iyán tèmi wà nínú odó, ó bàjẹ́, ti Màmá Ṣèyítán nìyí, mo lọ bẹ̀ wọ́n ni. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Fádà ní kó bu tirẹ̀ náà wá. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ní ti iyán yìí, kí a máa gbàdúrà. Wọ́n wá fa ti Ìyá Ṣèyítán mọ́ra, wọ́n jẹun yó, wọ́n sì bi mí léèrè pé bí ọmọ kan bá wà ní Kàlàbá tó mọ gbogbo oúnjẹ sè, tí ibà dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, tí òmíràn sì wà tí kò mọ nǹkan kan sè àmọ́ tó mọ ilẹ̀kùn í kàn, èwo ni mo rò pé ìyá rẹ̀ yóò tún fojú rí. Ó yé mi.

Nítorí náà èsì mi nìyí. Jẹ́ kó lọ. Iyán rẹ̀ kò dára, yóò tún ba aṣọ funfun jẹ́, àwọn aláta Kàlàbá yóò sì rẹ́ ẹ jẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ìyẹn kì í pa ènìyàn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ tó rí kó nílé mi nìyẹn, kì í tilẹ̀ ṣe èmi ni mo fún un. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ fífọ̀ ló ń jà ọ́ láyà, Ìyá Ìtùnú. Òun nìkan ni o bí, ilé rẹ yóò dákẹ́ bó bá lọ. Má fi ọbẹ̀ bojú mọ́. Bó bá dùn ọ́, sọ fún un pé ó dùn ọ́, kó sì máa lọ.

Ní ọjọ́ kejì, èmi náà lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ṣèyítán. Ó le fún mi o. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. Nígbà tí kò sí ewúrẹ́ kankan lójú mi, mo ní jọ̀wọ́, ọbẹ̀ ni. Ó bù ú fún mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi jáde. Bí ènìyàn bá ti kọ ebè àkọ́kọ́ láàárọ̀, ara á yá fún ìyókù. Nítorí náà mo ń bẹ̀ ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà oko, èyí tí mo ní ti lanu gbàgà. Má gba báńkì fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní orúkọ mi tó wà nínú káàdì ìjọba kò bá ti ọwọ́ àwọn mu, kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mí. Mo dìde dúró níwájú wọn, mo ní èmi nìyí, ẹ wò mí dáadáa. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kò tó. Fi í fún awakọ̀ kan tó ń bọ̀ ní Ìjàn, àwọn yẹn mọ̀ mí.

Áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì tó bá Tòbíà rin ìrìn-àjò tó sì mú un padà wá fún ìyá rẹ̀, á bá Ìtùnú dé Kàlàbá, á mú un padà wá fún ọ pẹ̀lú ayọ̀. Ilẹ̀kùn tó bá kàn, ènìyàn rere ni yóò ṣí i. Ìwọ náà kò ní kan ilẹ̀kùn òfìfo. Iṣẹ́ rẹ á sàn ọ́, o kò ní sunkún ọmọ.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, mo fi í sẹ́yìn nítorí òun ló wúwo jù. Pe ìyá rẹ ní Ìbàdàn. Má sọ fún un pé ebi ń pa mí, ebi kò pa mí mọ́. Sọ fún un pé ilé yìí ti tóbi jù fún mi, pé mo ní kó jọ̀wọ́ máa bọ̀ wálé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, n kò sọ jọ̀wọ́ fún un rí, nítorí náà tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kó má baà rò pé etí òun ló gbọ́ nǹkan mìíràn.

Èmi ni baba rẹ,
Ayọ̀rìndé