Ọwọ́ Numata Kò Sí Lórí Alùpùpù

Ilé Iṣẹ́ Alùpùpù Kuwabara,
Ẹ̀gbẹ́ Odò Tokoro,
Kitami, Hokkaido.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Sendai? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ìyá Kanae ńkọ́? Kanae fúnra rẹ̀ àti ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ọmọ náà ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Fumi ìyàwó mi ń kí yín. Wọ́n ti ń wú àlùbọ́sà lóko, gbogbo Kitami ló ń rùn ún. Ara mi le. Inú mi nìkan ni kò dùn, ẹ má sì bínú, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Mo gba lẹ́tà yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́. Ẹ ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Numata, kí n tú ẹ̀rọ tí mo ṣe kúrò lára alùpùpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo fi í sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó wá bọ́ pátákó tí bàbá wa fọwọ́ ara wọn gbẹ́ orúkọ wa sí kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí oṣù yìí tó parí. Ìyàwó Numata tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó yín pè yín lórí fóònù, ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ dá ẹjọ́, ẹ ò bi èmi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Tótó ó ṣe bí òwe o, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ mọ Numata Eikichi, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ ilé ìwé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gun alùpùpù pupa ilé ìfìwéránṣẹ́ pín lẹ́tà káàkiri ìlú yìí, òjò ni o, yìnyín ni o. Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń lọ́ iná alùpùpù ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Bó bá ti gùn ún fún wákàtí kan, ìka rẹ̀ á kú, kò sì ní lè di ife mú títí di ọjọ́ kejì. Lọ́dún tó kọjá, ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní lẹ́tà ẹlòmíràn lòun fi gbogbo ayé òun gbé kiri, òun fẹ́ gun alùpùpù tòun lọ sọ́nà jíjìn kí òun tó kú, ọwọ́ ò sì gbà fún òun.

Ìdí tí mo fi ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Mọ́tò kékeré kan ni, mo so ó mọ́ wáyà tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná. Bí èèyàn bá ti sáré dé ibi tó fẹ́, á tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ á bá a di eré náà mú, ọwọ́ ọ̀tún á sì sinmi. Bó bá ti fọwọ́ kan bíréèkì, ẹ̀rọ á jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni èmi fúnra mi fi dán an wò kí n tó gbé e fún un. Mo sì kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ lè sinmi o, àmọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Àwọn márùn-ún mìíràn nínú ẹgbẹ́ alùpùpù wa rí i, wọ́n ní kí n ṣe tiwọn náà.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, àwa méje inú ẹgbẹ́ wa jáde lọ sí Sarufutsu, sí ọ̀nà gbọọrọ ẹ̀bá òkun tí ẹ̀yin náà ti gùn rí, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi màlúù. Numata ló ṣíwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn jìnnà. Wákàtí mẹ́ta la ti gùn, kò tíì gbọn ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́.

Ni alùpùpù kan bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣebí ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe bí a bá pàdé ara wa lójú ọ̀nà: a ó na ọwọ́ òsì sókè, ó tán. Ẹni tó ń bọ̀ na tirẹ̀. Ọ̀gá Shirakawa ni, tó jẹ́ ọ̀gá Numata ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan rí, pẹ̀lú akoto funfun tí gbogbo Kitami fi ń dá wọn mọ̀. Numata ò nawọ́ ní tirẹ̀. Lójú mi báyìí, ó ká ọwọ́ méjèèjì kúrò, ó gbé wọn lé itan, ó sì tẹríba títí akoto rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táǹkì epo. Lórí eré ọgọ́ta kìlómítà. Atẹ́gùn òkun gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà bàrá kúrò lọ́nà, ó já wáyà ọgbà màlúù, ó sì lọ ṣubú sórí koríko gbígbẹ tí wọ́n ká jọ. Ọ̀gá Shirakawa ti kọjá lọ, wọn ò rí nǹkan kan.

Eegun èjìká Numata dá, ọpẹ́ ni pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn yòókù máa fi dé bá wa, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ náà kò jáwọ́. Mo wò ó, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo ní ara ń ro ó, n ò ní bá aláìsàn jiyàn. Nígbà tí àgbẹ̀ tó ni ọgbà dé, mo tẹríba fún un nítorí wáyà rẹ̀ tó já, bí ẹnikẹ́ni nínú wa á ti ṣe. Lọ́jọ́ kejì mo gbé páálí ìpápánu ẹ̀wà dídùn padà lọ bá a, gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri báyìí: wọ́n ní bí n ò bá jẹ̀bi, kí ni mo ń gbé páálí kiri fún?

Mo gbé alùpùpù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo dán ẹ̀rọ wò nígbà ogójì, ó sì jáwọ́ nígbà ogójì. Mo ní kí ìyàwó Numata wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì mìíràn ti wá ní kí n tú tiwọn kúrò. Wọn ò dárúkọ Numata o, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí alùpùpù àwọn fúyẹ́ ni. Ẹ̀rọ tí kò tó páálí wàrà kan! Mo fi sípánà lu ògiri lọ́jọ́ náà, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bí lẹ́tà yín ṣe wá dé, ara mi ò gbà á mọ́. Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pe Numata lórí fóònù níbi tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Mo ní bí kò bá sọ òótọ́ fún mi, kó má tún fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi láé.

Ó wá ní, "Yoshinari, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ni mo kí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kí wọn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, ara mi ò tiẹ̀ bi mí kó tó ṣe é."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá purọ́ mọ́ mi.

"Bí mo bá sọ ọ́, Ọ̀gá á gbọ́ pé kíkí tí wọ́n kí mi ló gbé mi ṣubú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ni, mo ní wàá lè gbé e."

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo bi í bóyá àkìtàn ni mí tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Mo ní orúkọ bàbá mi ló fi bo ojú ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ láti kékeré ni mo kó lé e lórí, ó sì ń jẹ́ hẹ̀n, hẹ̀n. Ìgbà tí mo sinmi láti mí ni mo gbọ́ ẹ̀rín Fumi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Bàbá Kenta, ta lẹ ń tẹríba fún?"

Mo wo ara mi. Fóònù wà létí mi, mo ti ká gúlútú lórí ìdúró, sípánà tí mo fi ń di nọ́ọ̀tì mú ti bọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀tì ti yí lọ sábẹ́ tábìlì, n kò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tí mo ń bú ni mo ń tẹríba fún. Fumi ní láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti yí padà sí èmi fúnra mi. Alùpùpù tí kò ní ẹ̀rọ, bí a bá ká ọwọ́ kúrò, iná rẹ̀ á padà, eré á dín kù. Tèmi ló di eré náà mú. Mo ro ti òjò, mo ro ti òtútù, mo ro ti bíréèkì, n ò ro ti ẹni tí yóò kí ọ̀gá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí ni wọ́n ti bí mi.

Nítorí náà, n kò ní kọ ìwé tí ẹ ní kí n kọ, torí pé ẹ̀rọ náà ń jáwọ́ nígbà tí bíréèkì bá ní kó jáwọ́. Ohun tí mo ń ṣe láti àárọ̀ ni pé mo ń fi bọ́tìnnì pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ìdìmú ọ̀tún. Bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á jáwọ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni n ó fi í sí kí yìnyín tó bọ́, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Numata ti gbà pé òun á sọ òótọ́ fún ẹgbẹ́ wa, kí ó má ṣáà dé etí Ọ̀gá Shirakawa. Ìyẹn náà, mo gbà fún un, bó tilẹ̀ ń dùn mí.

Ó gbà pé òun á pe ẹ̀yin náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ bọ́ pátákó bàbá wa, àkàbà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ bá mi kí Ìyá Kanae, ẹ bá mi gbé ọmọ tuntun jó, ẹ sì fi òróró pa orúnkún yín kí òtútù tó dé. Ní ọjọ́ Sátidé náà, ẹ jọ̀ọ́, bí fóònù bá dún, ẹ kọ́kọ́ gbé ife tíì yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ṣì ń bí,
Yoshinari.