Ìpara Oòrùn Tí Mo Dà Sẹ́yìn Bíi Ti Àgùntàn

Sorcha ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ní Dublin. Ṣé ara le? Kí Màríà Mímọ́ máa ṣọ́ ọ lọ sọ́nà iṣẹ́, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Àlàáfíà la wà, àwọn ọmọ àgùntàn ti sanra, àfi oòrùn tí kò jẹ́ ká sinmi.

Ìpara tó o fi ránṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí oòrùn jóni lára, ti dé. O mọ̀ pé nígbà tí dókítà gé kókó yẹn kúrò lábẹ́ eegun èjìká mi, ó ní oòrùn ló fà á, kò sì gbọ́dọ̀ tún jó mi, nítorí náà mi ò fi ṣeré rárá. Bá a ṣe ń lo oògùn eégbọn fún àgùntàn ni mo ṣe lò ó: mo dà á sí ẹ̀yìn ọrùn, ó ṣàn gba ọ̀pá ẹ̀yìn wálẹ̀, mo ní yóò tàn kára fúnra rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo lọ gé kòríko. Nígbà tí mo délé, ẹ̀yìn mi ti pọ́n kankan, ìlà funfun kan ló wà láàárín. Malachy aládùúgbò wa ní tí mo bá sọnù lórí òkè, wọ́n á mọ̀ pé mo ti gba oògùn, bí àgùntàn tá a fi ọ̀dà sàmì sí lẹ́yìn.

Mo lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn pé ìpara yìí ò dáa. Ó ní kí n fi omi tútù tu ẹ̀yìn náà, kí n wọ aṣọ bò ó títí á fi jinná. Lẹ́yìn náà, kí n máa fi ọwọ́ pa á dáadáa kí n tó jáde, dé etí, dé ọrùn, kí n tún un pa ní wákàtí méjì méjì, kí n sì dé fìlà. Mo ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni tàgùntàn ń lò lára. Ó ní àgùntàn wọ ẹ̀wù irun.

Jọ̀ọ́, fi òmíràn ránṣẹ́, àti owó fìlà.

Ohun kan ló kù. Ọwọ́ mi ò dé ibi tí dókítà gé. Ìyá rẹ ló máa ń bá mi fọ ibẹ̀ kó tó kú, mi ò sì lè ní kí Malachy máa bá mi fi ìpara pa ẹ̀yìn. Oṣù tó ń bọ̀ la máa rẹ́ irun àgùntàn. Tó o bá ráyè, wá sílé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó o darúgbó sí ilé tí kò sí ẹni tó máa bá ọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn.

Bàbá rẹ,
Colmán