Eyín Lo Kọ, Ẹ̀yìn Ni Mo Kà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ geere? Àwa náà wà ńbí, kò sí ohun tó ń ṣe wá, àfi orúnkún mi tó máa ń bá mi jà bí òjò bá ṣú. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ.

Jọ̀wọ́, bí o bá ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, máa fi àmì sí i! O kọ ọ́ pé "E ya foto eyin omo naa, dokita fe ri i." Mo mọ̀ pé eyín iwájú Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, kọ̀, kò hù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo kà. Mo ní bóyá ẹ̀yìn ni gbòǹgbò eyín wà, ṣebí dókítà ló mọ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù Ìyá Kékeré, mo fi òróró pa á títí ó fi ń dán, ayàwòrán sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. O tún kọ ọ́ pé "Rara o, eyin ni!" Háà, mo ní ẹyin! Ni mo bá lé adìyẹ kúrò lórí ìtẹ́, a ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O ní dókítà rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò burú.

Nígbà tí o wá pè mí, mo mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tí o júwe. Mo fi páúdà sí i lójú, mo wọ aṣọ tuntun fún un, torí wọ́n ní wọ́n máa ya fọ́tò. Fọ́tò wo nìyẹn! Kò sí ojú, kò sí aṣọ, egungun ṣáá. Mo ní kí wọ́n tún un yà. Obìnrin dókítà náà ní inú egungun gan-an ni wọ́n ń wò, ó wá fi eyín ṣóńṣó kan hàn mí tó lọ jókòó síbẹ̀, tó dínà mọ́ eyín gidi. Ó ní eyín àlékún ni, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Mo ní ta ló ń dá èènì padà? Ó ní èènì tó lé onílé síta kì í ṣe èènì, àfi kí wọ́n yọ ọ́.

Mo gbà, torí ọmọ yìí kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń pè é ní Ẹnu Fèrèsé nílé ìwé, ó wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu, kódà bó bá ń jẹun. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́. Mi ò ní purọ́, fi owó ránṣẹ́: ti dókítà, ti ayàwòrán, àti ti orúnkún mi. Ṣùgbọ́n bí owó bá dá wá, ọmọ rẹ ní òun ò ní la ẹnu. Mo ní èmi ìyá àgbà máa wà níbẹ̀, ó ní bàbá òun ni kó di òun lọ́wọ́ mú. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo títì. Ọlọ́run má jẹ́ kó wò ó tì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.