Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Mi àti Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orí àga gbọọrọ níta yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí yín, ṣùgbọ́n ẹ má jáyà, èmi kọ́ ni wọ́n gbé wọlé. Ara mi ti yá. Ara tó yá yìí gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Ẹ rántí ẹ̀yìn mi. Ẹ̀yin lẹ wá gbé mi nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìyànà Ìbà. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín láràárọ̀ ní Okokomaiko, láti wá bá mi wọ bàtà kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ẹ máa ń fi eyín já òwú tó bá yọ lára aṣọ mi, ẹ ó sì máa pè mí ní Ìyá Arúgbó nítorí ìrìn mi. Mo máa ń bínú sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ẹni tó tún fi ìrora mi pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí a sin yín, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè yín? Àbúrò mi ló bu tèmi mọ́ tiẹ̀.

Àbúrò mi yìí ti wà ní Kánádà báyìí. Òun ló gbọ́ nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń fi sára èèyàn, tó sì bá mi wá dókítà tó mọ̀ ọ́n fi sí níbí l'Ékòó. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ awọ ló wà, lókè ìdí mi lápá ọ̀tún, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti ibẹ̀ lọ sí eegun ẹ̀yìn. Iná kékeré ló ń rán síbẹ̀, tí ìrora kì í fi í ráyè dé ọpọlọ. Mo ní rìmóòtù tí mo fi ń tàn án tí mo fi ń pa á, mo sì ní bẹ́líìtì tí mo ń dì mọ́ ìdí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi ṣáájì rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà tàn án, àfi bíi pé wọ́n gbé ẹ̀yìn ẹlòmíràn fún mi. Ìrora náà kò tán o, ó kàn jìnnà sí mi ni, bí aládùúgbò oníjà tó kó lọ sí àdúgbò kejì. Nígbà tí ojú egbò jiná, mo gbá ilẹ̀ yàrá mi fúnra mi, mo sì sunkún lórí ìgbálẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ sùtánà tí ẹ rán fún mi, mo sì kúnlẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ọdún méje ni ìjọ fi bá mi gbààwẹ̀, tí mo ń sùn ní ilẹ̀ àánú nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń ta òróró sí mi lẹ́yìn. Wòlíì pè mí síwájú kí n wá jẹ́rìí. Ó wà lọ́kàn mi láti sọ gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run gbọ́. Mo ní ọdún méje rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, lónìí mo kúnlẹ̀. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ dókítà, àwọn akọrin ti gbé orin, àwọn ìyá ti ń jó yí mi ká. Ẹ mọ ìjọ wa, tí orin bá ti gbéra, ẹ̀rí parí nìyẹn. Wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ mi. Mo lè gbà á padà. Mi ò gbà á.

Kí oṣù tó parí, àwòrán mi ti wà lórí bánà ìsọjí létí títì, èmi nínú sùtánà, ọwọ́ mi méjèèjì lókè. Mo ń kọjá lábẹ́ ojú ara mi láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síléèwé. Àwọn òbí ọmọ ń pè mí ní Sista Iṣẹ́ Ìyanu. Tí mo bá fẹ́ ṣáájì, màá tilẹ̀kùn, màá fa kọ́tìnnì, bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ṣebí Ọlọ́run náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n? Kí ló wá dé tí ojú fi ń tì mí? Mi ò rí ibi yà sí, Bàbá.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ tí ẹ ò mọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń ṣe irun ní Ìbà. Ẹ̀yìn ń dun òun náà, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Dókítà tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà má baà kú, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó di ọwọ́ mi mú.

"Sista, mo ti kánsẹ́ẹ̀lì ọ̀bẹ yẹn," ló wí. "Ẹni tó ṣe é fún yín máa ṣe é fún èmi náà."

Mo ṣe àmín. Bàbá, àmín ni mo ṣe.

Oṣù méjì ni mo fi ń wò ó bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀. Màá múra láti sọ, màá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá kàn ní kó bá mi dirun. Mo ń ro ti Wòlíì, mo ń ro ti bánà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, èmi sì ni mo pàtẹ ọjà náà. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe máa ń tú odindi sùtánà palẹ̀ nítorí ojú rírán kan ṣoṣo tó wọ́, tí oníbàárà á máa pariwo lé yín lórí tí ẹ ò ní dáhùn. Kí ló dé tí ẹ ò fi kọ́ mi níyẹn?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n ní ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá a, mo tilẹ̀kùn, mo fa ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tó wú lókè ìdí mi. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un, mo fi rìmóòtù lé e lọ́wọ́, mo ní kó pa á. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi dé, mo di àga mú, òógùn bò mí, ó sì ń wo ojú mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó tàn án padà.

"Láti ìgbà wo?" ló bi mí.

Mo ní ó ti wà lára mi kí n tó jẹ́rìí. Kò bú mi. Ó tàn án padà, ó di ògiri mú, ó lọ mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀.

"Ẹ óò tẹ̀ lé mi lọ," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ sì máa sọ ọ́ níwájú ìjọ, kì í ṣe èmi."

Mo ti sọ fún Wòlíì láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n jẹ́ kí ìsọjí kọjá ná. Mo ní ọjọ́ ìsinmi yìí ni, ẹ̀rù sì ń bà mí gidi. Dókítà ní ìrora Ìyá Bọ́sẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí ẹsẹ̀, ó ní ó yẹ kó ti wá tipẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn á padà bọ̀ sípò, Bàbá?

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, wọ́n kó bàtà rẹ̀ fún mi. Ó wà lórí itan mi níbí. Ti ọ̀tún ṣì dáa. Ti òsì ti jẹ níwájú, níbi tó fi ń wọ́lẹ̀, ìka mi gba ibẹ̀ kọjá. Tuntun ni bàtà yìí lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń fẹ́ kí ẹ bá òun wí.