Ike Kékeré Onídèérí Pupa

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún
A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn ní Ifangni. Èèyàn mẹ́rin ló wá láti Àjàṣẹ́, wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká, gbogbo wọn kọjú sí ikùn Àsíátù ọmọ mi. Dókítà Géraud — Ọ̀gá Ìfun ni mo máa pè é níbí, ta ló máa rí i? Scholastique, tó ń sọ ohun tí èèyàn lè jẹ: Má-jẹ-yẹn. Ọkùnrin kan tó kàn ń béèrè bóyá ọmọ ń sùn, bóyá ó ń sunkún. Àti Flore, tó ń ṣe ìwádìí, tó ń kó ike kékeré onídèérí pupa tí wọ́n ń gba ìgbẹ́ sí kiri. Oníke.

Wọ́n ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í ṣe májèlé. Ìfun rẹ̀ ló ń wú, tó ń dá egbò sínú, ìyẹn ló fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi bi mí ní ìbéèrè kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ — ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ní irú inú báyìí? Bí ọlọ́pàá! Wọ́n fẹ́ sọ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Mo ní kò sí. Inú rírun ló pa ìyá mi — ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 8
Yẹ̀kínì ọkọ mi ti fọwọ́ sí ìwé ìwádìí wọn. Kò kà á tán; oògùn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún Àsíátù ló wò. Ọkùnrin tó máa ń yẹ igi ọ̀pẹ kan wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gùn ún!

Àbámẹ́ta, 10
Àsíátù jẹ ìrẹsì. Kò sáré lọ sí ṣáláńgá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 12
Ọjà Banigbé. Obìnrin tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ ọmọ mi ṣe. Mo ní wọ́n ń gbé e sínú fíríìjì ní Àjàṣẹ́. Ó ní, "Fíríìjì? Mais, nítorí kí ni?" Ó kàn ń wò mí tàánútàánú.

Mo tún rántí nǹkan kan: wọn ò kọ orúkọ ọmọ mi sára ike. Nọ́ńbà ni — 031. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́?

Ìṣẹ́gun, 20
Inú ń run mí láti àárọ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí mi ti tún dé, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ṣúgà tí mo bù sí gàrí ni. Mo ti mu àgbo.

Ọjọ́rú, 21
Mo ti ṣe é.

Àsíátù yàgbẹ́ sínú ike bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó gbé e fún mi. Mo dà á sí ṣáláńgá, mo fọ ike náà, mo fi tèmi sí i. Èmi ti dàgbà. Ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe, kí wọ́n fi tèmi ṣe é, kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀. Oníke fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, "Merci, Màmá," ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń fura sí ẹ̀rín yẹn títí mo fi délé.

Jímọ̀, 30
Àsíátù ti fi kílò méjì kún ara! Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìrẹsì, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n — Má-jẹ-yẹn mọ nǹkan kan ṣá. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nídìí ààrò.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà
Ọ̀gá Ìfun wo ìwé, ó wo Àsíátù, ó tún wo ìwé. Ó ní ara ọmọ yá lójú, mais ìgbẹ́ tí a gbé wá ní Ọjọ́rú ọjọ́ yẹn sọ pé ìfun ń wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ìlọ́po mẹ́ta. Donc, oògùn yìí ò ràn án. Wọ́n máa dá a dúró. Abẹ́rẹ́ ló kàn, èyí tó lágbára gan-an, tó lè jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ ráyè wọ ara èèyàn. Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Àsíátù yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ara mi ti yá." Mi ò lè gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀, 5
Tèmi ni ìgbẹ́ yẹn. Ìfun tó ń wú yẹn, tèmi ni.

Jímọ̀, 6
Iléyá. Gbogbo ilé ń jẹ ẹran, mo bu tèmi fún Àsíátù. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé wa, kí oògùn Àsíátù sì dáwọ́ dúró. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, wọ́n á gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ nítorí àìsàn tèmi. Mo fura sí gbogbo èèyàn, mi ò fura sí ikùn ara mi. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 11
Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó jókòó. Mo ní, "Tèmi ni mo gbé wá." Flore fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà Géraud pa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé. Ó ní, "Màmá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ọmọ yìí léṣe." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Lẹ́yìn náà ló tún béèrè ìbéèrè wọn: ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí? Mo ní ìyá mi. Mo ní èmi náà.

Kò sí abẹ́rẹ́. Àsíátù ń bá oògùn rẹ̀ lọ. Flore fún un ní ike mìíràn, 031, ó sì mú òmíràn jáde fún èmi náà: 058. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ orúkọ mi. Ó ní kí ẹni tó bá rí i má baà mọ ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Mi ò ronú dé ibẹ̀ rí.

Àsíátù di ike méjèèjì mú lórí alùpùpù títí a fi délé. Ó gbé ike mi fún mi. Ó ní, "Màmá, kálukú á fi tirẹ̀ sínú tirẹ̀." Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń ṣọ́ mi.