Ó Ti Lọ Sókè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2014
Dèbórà ìyàwó mi ló ń kọ̀wé, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Òun ló kàwé díẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá tèmi rán mi lọ, kì í ṣe ilé ìwé. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó mi orí. Ẹnu-Títì ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ìjọ ti ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá láti Ìsẹ́yìn, Lawrence, pé kó kó gbogbo wa sínú rẹ̀ — orúkọ, fọ́tò, ìrìbọmi, fóònù àwọn ọmọ. Bàbá Ábúráhámù, olórí ìjọ, ní ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni wọn yóò fi pín àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn irà. Òkun ti jẹ àdúgbò tó wà níwájú wa tán. Ilé wa ló kàn.

Èmi kò ya fọ́tò fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ti mọ orúkọ mi kí àwọn elépo rọ̀bì tó tan iná lójú òkun. Èmi ni mo ri òpó àkọ́kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́lẹ̀. Wọn yóò wá bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Mo ń lọ sókè, sí oko bàbá mi lẹ́bàá Òkìtìpupa. Ẹ̀gẹ́ ti tó tu. Lawrence ń bọ̀ wá sí àdúgbò wa lọ́la. Kó ya fọ́tò àga mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 Oṣù Kẹta
Mo dé lánàá. Lónìí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Kọ́lájọ ti jókòó sí ipò mi — Kọ́lájọ tí èmi àti rẹ̀ ti ń bú ara wa láti ìgbà èwe. Mo ní kó dìde. Ó ní, “Èlíjà inú Bíbélì náà lọ sókè, àmọ́ kò padà wá béèrè àga.” Ìlà ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n ní ní Ìsinmi tó kọjá, kọ̀ǹpútà gbé orúkọ mi jáde lára ògiri láàárín àwọn tó sùn nínú Olúwa. Èlíjà Jọọlá. Àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni mo lọ tu ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún Lawrence pé mo wà láàyè.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta
Ọbẹ̀ Ẹnu-Títì kò níyọ̀. Mo dà á sómi lójú rẹ̀. Kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta
Ọmọ́yẹlé, ọmọ mi, dé láti Wàrrí. Kọ̀ǹpútà ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá a kẹ́dùn. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀ títí, kò wọlé. Ó wá gbé pósí sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń bọ̀. Níbi tí mo ti ń jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ ló bá mi. Ó wò mí. “Bàbá, ẹ ò kú?”

Mo ní, “Ṣé kí n tọrọ àforíjì ni?”

Ó jókòó lórí pósí, ó sunkún. N kò mọ ohun tó ń torí rẹ̀ sunkún. Kò jẹun kó tó padà. Ó fi pósí sílẹ̀, ó ní ẹni tó tà á kò ní gbà á mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta
Adìẹ Dèbórà ti yé ẹyin sínú pósí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta
Mo bá Lawrence nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo bú u débi tí ẹnu fi ro mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo bi ìyá pé bàbá ńkọ́. Wọ́n ní ó ti lọ sókè.”

Òkè! Mo ní Òkìtìpupa ni òkè, òpònú! Gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ ni òkè lọ́dọ̀ àwa ará omi!

Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá ní arúgbó ti lọ sókè, wọn kì í se oúnjẹ dè é mọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣùgbọ́n mo kí ìyá, bàbá. Mo ní ẹ kú àráfẹ́rakù. Wọ́n ní àmín. Mo ní ẹ̀yìn bàbá á dára. Wọ́n tún ní àmín.”

Dèbórà, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Àmín lẹ́ẹ̀mejì. Kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta
Mo bi Dèbórà nípa àmín náà. Ó ní kí n sọ ohun tó kù kí òun kọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 Oṣù Kẹta
Moríkẹ́ aládùúgbò wa, tó ń yan ẹja, ló ń bá mi kọ èyí.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ábúráhámù pè wá síwájú ìjọ, èmi àti Dèbórà. Ó ní, “Èlíjà, a rí ọ, ojú wa kò fọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ì bá jẹ́ tìrẹ, Kọ́lájọ ti kó wọ ọ́. Yàrá kan ló kù, nílé àwọn opó. Dèbórà ni kọ̀ǹpútà kọ sí i. Bí Dèbórà bá ní ká jí ọ, Lawrence á jí ọ nísinsìnyí. A ó sì fún opó mìíràn ní yàrá náà.”

Ìka Lawrence ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo wo Dèbórà. Mo ní, “Sọ fún wọn.”

Ó sọ. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí. “Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀ títí di àná, kò bi mí ní ohunkóhun rí. Ọmọ yìí bi mí, mo dáhùn. Ó sì kí mi. Mo fẹ́ràn kíkí náà.”

Kọ́lájọ kígbe látorí àga mi: “Èlíjà, sùn re o!”

Dèbórà kó ìkòkò rẹ̀ àti adìẹ rẹ̀ lọ. Ó fi ẹyin sílẹ̀ nínú pósí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta
Omi ti ń gba àárín pákó wọlé. Mo ti jẹ àwọn ẹyin náà. Mo ti kó aṣọ mi àti àdá mi sínú pósí; ó gba ẹrù ju àpótí lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí èbúté Igbókọ̀dá ti dé.

Moríkẹ́ ní bí Dèbórà bá béèrè mi ńkọ́?

Mo ní kó sọ fún un pé mo ti lọ sókè.

“Òkè wo, bàbá?”

Mo ní kí Dèbórà yan èyí tó bá wù ú.